Ṣé Èébú Ni "Smart"? Ẹ̀kọ́ Lórí Àwọn Ọ̀rọ̀ Ìmúra ní Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀kọ́ wa òní dá lórí ọ̀rọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń yin ẹni tó múra dáadáa, àti èyí tí wọ́n fi ń bú ẹni tí kò múra.

Ẹ lè bi mí pé: "Kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Ṣebí Faransé ni wọ́n ń sọ ní ọ́fíìsì ìlú wa?" Ìbéèrè yẹn dára. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kékeré kan dáhùn.

ÌBÉÈRÈ ÌYÁ KAN

Ìyá kan wà ní kíláàsì wa. Gàrí ló ń tà. Ó máa ń gba ẹnu ibodè Ìgóló kọjá sí Ìdìròkó ní ilẹ̀ Nàìjíríà láti ná ọjà. Lọ́jọ́ kan, ó wẹ̀, ó di irun rẹ̀, ó wọ bùbá àti ìró tó ti lọ̀ dáadáa, ó sì gbá iwájú àtẹ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Oníbàárà kan dé, ó wò ó, ó ní: "Màmá, ẹ smart o!" Ìyá rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó bu ẹ̀ẹ̀nì lé gàrí rẹ̀.

Nígbà tó délé, ó bi ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé. Ọmọ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. Ìtumọ̀ tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bọ́ lé ni pé: kí nǹkan máa ta ni, kó máa dun ni, bí ìgbà tí ata bá kó sí ni lójú. Ìyá kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Nígbà tó dé kíláàsì, ó ní: "Olùkọ́, ọmọ mi, ṣé mo yẹ ni, àbí mo ń ta ènìyàn lójú bí ata? Ṣé èébú ló bú mi, tí mo wá bu ẹ̀ẹ̀nì fún un?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí èmi náà kò mọ ìdáhùn. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀. Mo wádìí rẹ̀ nínú ìwé. Ohun tí mo rí ni mo kọ síbí yìí. Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá dé ibi tó le, ẹ dúró, kí ẹ tún un kà.

SMART: LÁTI ORÍ ÌRORA DÉ ORÍ AṢỌ

Wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ yìí báyìí: sìmáàtì. Oníbàárà yẹn kò bú ìyá. Ọmọ náà kò sì parọ́.

Ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ìrora tó ń ta ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ yìí pè. Èdè Jámánì àti èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Títí di òní, Schmerz ni àwọn ará Jámánì ń pe ìrora. Bí ojú bá ń ta Gẹ̀ẹ́sì nítorí èéfín, ó ṣì lè lo ọ̀rọ̀ smart fún un.

Báwo ni ìrora ṣe wá di ìyìn? Ẹ wò ó bó ṣe rìn. Ohun tó ń ta ni, ó mú. Ohun tó mú máa ń yára wọlé. Nítorí náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ náà pe ẹni tó yára, lẹ́yìn náà ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ mú. Láàárín ọdún 1700 sí 1800, wọ́n wá ń lò ó fún ẹni tí aṣọ rẹ̀ gún régé lára rẹ̀.

Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. A máa ń sọ pé: "Ọ̀bẹ yìí mú." A tún máa ń sọ pé: "Ọmọ yìí mú bí abẹ." Kò sí ẹni tó máa rò pé ọmọ náà fẹ́ gé òun lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ó kàn ti rìn jìnnà sí ilé rẹ̀.

NEAT: Ọ̀RỌ̀ TÓ WÀ LẸ́YÌN ÀPÒ ÌRẸSÌ

Wọ́n ń pe èyí ní níìtì. Ohun tó mọ́, tó wà létòlétò, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lónìí. Inú èdè Látìn, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́, ló ti wá. Nitidus ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ohun tó ń dán". Àwọn Faransé gbà á, wọ́n gé e kúrú, ó di net. Lára rẹ̀ náà ni wọ́n ti mú nettoyer, ìyẹn kí á nu nǹkan mọ́.

Ní ọdún 1066, àwọn jagunjagun láti Normandy, ní ilẹ̀ tó jẹ́ ti Faransé lónìí, kọjá òkun, wọ́n ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Faransé ni èdè ààfin àti èdè àwọn ọlọ́lá níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Faransé ṣe ń wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Nígbà tó yá, net náà wọlé, ó di neat.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ fetí sílẹ̀ níbí. Ẹ wo ara àpò ìrẹsì tàbí agolo tòmátì. Ẹ máa rí i tí wọ́n kọ poids net síbẹ̀. Ìwọ̀n ohun tó wà nínú rẹ̀ nìkan ni, láìka àpò tàbí agolo mọ́ ọn. Poids brut ni ìwọ̀n ọjà pẹ̀lú ohun tí wọ́n dì í sí. Net yìí náà ni ọmọ ìyá neat: ohun tí nǹkan mìíràn kò dàpọ̀ mọ́. Kódà, bí Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ mu ọtí líle láìbu omi sí i, neat náà ló máa sọ.

Ẹ gbìyànjú ìṣirò yìí. Agbọ̀n tòmátì kan wọn kílò 30 lórí òṣùwọ̀n. Agbọ̀n òfìfo wọn kílò 2. Kílò mélòó ni tòmátì náà gan-an? Kílò 28 ni. Òun ni poids net. Bí ẹ bá san owó kílò 30, ẹ ti ra agbọ̀n náà mọ́ ọn nìyẹn.

UNKEMPT: ẸNI TÍ KÒ YA IRUN

Wọ́n ń pè é ní ọnkẹ́mìtì. Èébú ni èyí. Ẹni tó rí wúruwùru ni wọ́n ń fi í bú. Ẹ jẹ́ kí á tú u. Un tó wà níwájú dà bí "àì" tiwa, bí ìgbà tí a bá sọ pé àìmọ̀ tàbí àìsùn. Kemb sì ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tó túmọ̀ sí pé kí á fi òòyà ya irun. Ìtumọ̀ gbogbo rẹ̀ kò ju "àìyarun" lọ. Ọ̀rọ̀ kemb fúnra rẹ̀ ti kú, wọn kò sọ ọ́ mọ́. Èébú tí wọ́n fi ṣe kò kú. Lónìí, wọ́n ń fi í pe aṣọ, ọgbà, àti ènìyàn pàápàá.

Ibí yìí ló yẹ kí á ti ṣọ́ra. Ṣé gbogbo ẹni tí kò ya irun ni ọ̀bùn? Ẹ wo ọmọ dàdá láàárín wa. Bí wọ́n ṣe bí i pẹ̀lú irun rẹ̀ nìyẹn. A kì í fi òòyà yà á. Síbẹ̀, ìyá rẹ̀ ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fọ irun náà, ó ń fi òróró pa á. Ọmọ dàdá kì í ṣe ọ̀bùn. Àmọ́ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n bá fi òòyà tirẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n, ó lè pè é ní ọ̀bùn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti da àwọn ènìyàn dúdú láàmú ní Amẹ́ríkà. Wọ́n lé àwọn kan níbi iṣẹ́, wọ́n dá àwọn ọmọ kan padà ní ilé-ìwé, nítorí irun dídì tàbí dàdá. Wọ́n ní irun náà kò bójú mu. Ní ọdún 2019, ìpínlẹ̀ Kalifóníà ṣe òfin pé ilé iṣẹ́ tàbí ilé-ìwé ìjọba kò gbọ́dọ̀ torí irú irun bẹ́ẹ̀ fìyà jẹ ènìyàn. Òun ni ìpínlẹ̀ kìíní tó ṣe é níbẹ̀. Crown Act ni wọ́n ń pe òfin náà. Crown, adé ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ kì í ṣe eré. Ó lè gba oúnjẹ lẹ́nu ènìyàn.

TIDY: OHUN TÓ BỌ́ SÍ ÀKÓKÒ

Wọ́n ń pè é ní táídì. Lónìí, ilé tí wọ́n tò dáadáa ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ tide ló ti jáde. Ní àtijọ́, "àkókò" ni ìtumọ̀ tide. Lónìí, ìgbà tí omi òkun bá ń kún tàbí tó bá ń fà ni wọ́n ń lò ó fún, nítorí omi òkun ní àkókò tirẹ̀.

Nígbà tí tidy kọ́kọ́ jáde, láàárín ọdún 1200 sí 1300, "ohun tó bọ́ sí àkókò" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó di ohun tó dára, tó sanra, tó wà ní ipò tó yẹ. Lẹ́yìn ọdún 1700 ni wọ́n ń lò ó fún ohun tó wà létòlétò.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ èyí ju àwọn tó kọ ìwé lọ. Àgbàdo tí a gbìn lásìkò, ojú rẹ̀ yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé. Bí a bá fọ abọ́ kété tí a jẹun tán, eṣinṣin kò ní bà lé e. Bí a bá fi í sílẹ̀ di ọ̀la, iṣẹ́ rẹ̀ di méjì.

GROOM: ỌMỌ TÓ Ń TỌ́JÚ ẸṢIN

Wọ́n ń pè é ní gúrúùmù. Ní nǹkan bí ọdún 1200, ọmọkùnrin lásán ni ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó di ìránṣẹ́. Láàárín ọdún 1600 sí 1700, ìránṣẹ́ tó ń tọ́jú ẹṣin ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Òun ló ń fọ ẹṣin, òun ló ń fi búrọ́ọ̀ṣì nu ara rẹ̀ tó fi ń dán, òun náà ló ń kó ìgbẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún 1800, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ náà pe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀: to groom, kí á tọ́jú ẹṣin kó mọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ sára ènìyàn. Ọlọ́lá tó fá irùngbọ̀n, tó gé èékánná, tó wọ aṣọ funfun, wọ́n ní ó jẹ́ well-groomed. Ẹ ò rí nǹkan! Iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni wọ́n fi yin ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń kó ìgbẹ́ ẹṣin kò rí nínú ìyìn náà gbà.

Ẹ má fi èyí pọ̀ mọ́ bridegroom, ìyẹn ọkọ ìyàwó. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni, guma, tó túmọ̀ sí ọkùnrin, ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn kò mọ guma mọ́, wọ́n fi groom rọ́pò rẹ̀, nítorí wọ́n jọra létí.

TOILET: AṢỌ KÉKERÉ TÓ DI ILÉ ÌGBỌ̀NSẸ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ló lè kó ìtìjú bá wa jù lẹ́nu ibodè. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ní èdè Faransé, toile ni aṣọ tí wọ́n hun. Toilette ni aṣọ kékeré. Àwọn ọlọ́lá máa ń tẹ́ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ sórí tábìlì tí wọ́n ń gbé òòyà, dígí àti àtíkè lé. Nígbà tó yá, wọ́n fi orúkọ aṣọ pe tábìlì àti ohun tó wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi pe ìmúra fúnra rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà gba ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì ń lò ó bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Ó wá di orúkọ yàrá tí wọ́n ti ń múra. Níkẹyìn, láàárín ọdún 1800 sí 1900, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di orúkọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀.

Lónìí, bí ẹni tó gbọ́ Faransé bá sọ pé "faire sa toilette", ó fẹ́ wẹ̀, ó fẹ́ múra ni. Àmọ́ lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, toilet, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Nítorí náà, bí ẹ bá sùn sílé oníbàárà yín ní Ìdìròkó, tí ẹ sì fẹ́ wẹ̀ láàárọ̀, ẹ má ṣe mú toilette Faransé sọ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n máa fi ibòmíràn hàn yín. Ẹ kúkú sọ ọ́ ní Yorùbá: "Mo fẹ́ wẹ̀." Yorùbá kò ní ibodè.

Ẹ má sì fi àwọn òyìnbó rẹ́rìn-ín. Àwa náà kì í dárúkọ ibẹ̀ ní tààrà. A máa ń sọ pé a fẹ́ lọ sẹ́yìnkùlé, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé ni a fẹ́ wò.

SHAMPOO: ỌWỌ́ TÓ Ń TẸ ARA

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Ọṣẹ ìfọrun tí ẹ̀ ń rí lọ́jà, tí Faransé ń pè ní shampooing, orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ti Faransé, kì í sì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì. Láti ilẹ̀ Íńdíà ló ti wá, nínú èdè Híńdì. "Tẹ̀ ẹ́" ni ìtumọ̀ rẹ̀, ìyẹn kí á máa fi ọwọ́ tẹ ara ẹni tó rẹ̀ kí ó lè tù ú.

Ará Íńdíà kan wà tó ń jẹ́ Sake Dean Mahomed. Ìlú Patna ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1759. Ní ọdún 1814, òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣí ilé ìwẹ̀ kan sí ìlú Brighton ní etí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Omi gbígbóná tó ń rú èéfín àti ọwọ́ tó ń tẹ ara ni iṣẹ́ wọn. Iṣẹ́ yìí lókìkí tó bẹ́ẹ̀ tí ọba Gẹ̀ẹ́sì fi yàn án láti máa ṣe é fún òun. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ náà kúrò lára gbogbo ara, ó gun orí lọ, ó di irun fífọ̀.

KÍ NI A RÍ KỌ́?

Ẹ jẹ́ kí á kó wọn jọ. Òòyà wà nínú ọ̀kan. Aṣọ híhun wà nínú ọ̀kan. Ọmọ tó ń fọ ẹṣin, àkókò tó yẹ, ọwọ́ tó ń tẹ ara, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Owó kò sí nínú ọ̀kan kan. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn ló wá sọ wọ́n di òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ara wọn.

Àwọn àgbà wa ní: "Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀." Òótọ́ ni. Bí wọ́n bá ṣe rí wa ni wọ́n ṣe ń bá wa lò. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á máa wẹ̀, kí á máa fọ aṣọ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ ìró kan ṣoṣo ni a ní. Àmọ́ bí ẹnì kan bá fi ọ̀rọ̀ tí ẹ kò mọ̀ wọ̀n yín, ẹ má ṣe yára bínú, ẹ má sì yára tijú. Ẹ béèrè. Ẹ tú u wò. Ọ̀rọ̀ kan lè ní ìtumọ̀ mẹ́ta nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Ẹni tó ka ìkíní tó dúró síbẹ̀, kò tíì kà á.

Nígbà tí mo ṣàlàyé gbogbo èyí tán, ìyá alágàrí dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní: "Ẹ̀ẹ̀nì mi kò ṣòfò, nígbà náà." Ó ní kí n kọ smart sí ojú pátákó. Ó dà á kọ sínú ìwé rẹ̀, ó sì kọ ìtumọ̀ méjèèjì sí abẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá. Ó ní òun fẹ́ kí ọmọ òun kà á.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni smart túmọ̀ sí ní àtijọ́? Kí ló túmọ̀ sí lónìí?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín poids net àti poids brut?
3. Kí ló dé tí ọmọ dàdá kì í ṣe ọ̀bùn, bí a kò tilẹ̀ ya irun rẹ̀?
4. Bí ẹ bá fẹ́ wẹ̀ ní Ìdìròkó, kí lẹ máa sọ?

IṢẸ́ ṢÍṢE

1. Ẹ mú àpò tàbí agolo kan wá láti ilé. Ẹ wá poids net lára rẹ̀, kí ẹ kọ nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ sílẹ̀.
2. Ẹ lọ bá àgbà kan ní àdúgbò yín. Ẹ ní kó sọ ọ̀rọ̀ Yorùbá márùn-ún tí a fi ń yin ẹni tó mọ́ tónítóní, bí afínjú tàbí ológe. Ẹ bi í bóyá bí wọ́n ṣe ń lò wọ́n nígbà èwe rẹ̀ náà ni a ṣe ń lò wọ́n lónìí. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ wá sí kíláàsì, kí á jọ kà á.